Ogójì Ojú Lábẹ́ Ìka Bàbá Mi

Ọdún tí ojú bàbá mi fọ́ tán pátápátá ni ẹ̀rọ náà dé láti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá mi kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Treichville, ní Abidjan níbí, ló fi í ránṣẹ́. Òun náà ti ń hewú báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn afọ́jú lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù àtijọ́ dànù níbẹ̀, ó rántí olùkọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ ìnura wé ẹ̀rọ náà, ó sì fi ìwé pélébé kan há a láàárín: "Maître, olùkọ́ mi, ẹ má bínú pé kì í ṣe tuntun."

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka, ó sì wúwo ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ogójì ojú kéékèèké ló tò sí etí rẹ̀ níwájú, abẹ́rẹ́ mẹ́jọ tí orí wọn kò mú sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí àwọn abẹ́rẹ́ yìí máa yọ sókè kí wọ́n sì máa wọlé, kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà lè di bíráìlì, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà. Téèyàn bá ka ìlà kan tán, á tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà mìíràn á dìde.

Bàbá mi gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Iná pupa kékeré kan tàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kankan kò dìde. Kọ̀ǹpútà rí i pé ohun kan ti wọlé, kò mọ ohun tí í ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́, orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò sí lọ́jà mọ́ nìkan sì ni ètò tí wọ́n fi sílẹ̀ lè ṣiṣẹ́.

"Kò tíì ṣiṣẹ́, Papa."

"Kò tíì," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá mi sọ pé kò tíì."

Ìyá mi ni ó máa ń pè mí, nítorí ó ní ìyá òun ni mo jọ.

Ìwé kan ṣoṣo ni bàbá mi fẹ́ kà. Bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́. Akọ̀wé ni bàbá bàbá mi. Láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni ó ti wá sí Abidjan nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, tí wọ́n ń kó àwọn akọ̀wé láti ilẹ̀ Dahomey kiri ọ́fíìsì wọn. Faransé ni ó ń kọ fún wọn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá dé ilé, Yorùbá ni ó fi ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin títí ó fi kú. Nígbà tí ó fi máa kan bàbá mi, àtọ̀gbẹ ti bá ojú rẹ̀ jà. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni ó rí kà. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ń gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e lórí, ó ń ka ojú ìwé mẹ́ta náà ní àkàtúnkà títí ó fi mọ̀ wọ́n sórí, títí kò fi rí wọn mọ́.

Mo tẹ ìwé náà látòkèdélẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní ohùn obìnrin kan tó máa ń kàwé fún afọ́jú, ṣùgbọ́n Faransé ni ohùn náà gbọ́. Ó ka Yorùbá bàbá bàbá mi bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Pa á. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ báyìí rí."

Èmi náà gbìyànjú láti kà á fún un. Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Nígbà náà, Yorùbá tí mo ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tí mo lè sọ lọ, mo sì máa ń gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó fara dà á fún ojú ìwé kan.

"O ṣé, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n ìwé bàbá mi ni. Fúnra mi ni mo fẹ́ kà á."

Báyìí ni obìnrin tí mò ń pè ní Tantie, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa ní Gonzagueville láti kọ́ ọ ní bíráìlì. Láti kékeré ni àìsàn ti gba ojú òun náà. Anoumabo ló ń gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ, á wọ wôrô-wôrô, takisí tí èèyàn púpọ̀ jọ ń wọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ ní ìkóríta wa, á sì fi ọ̀pá rẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà wa láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun lọ́wọ́. Kò gbọ́ Yorùbá. Faransé ni òun àti bàbá mi ń sọ. Bébà líle tí àmì yọ sókè lára rẹ̀ ni ó fi ń kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí bàbá mi fi mọ̀ ọ́n. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo bí ọmọ ṣe ń mọ̀wé, ó mọ ibi tí wàhálà rẹ̀ wà.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan lẹ́bàá èbúté ni èmi ti ń ṣiṣẹ́. Àwa là ń kọ ètò fún àwọn ẹ̀rọ tó ń ka káàdì awakọ̀ tírélà lẹ́nu géètì. Nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ̀rọ bàbá mi ń fẹ́. Mo sọ fún un pé pilote ni.

"Pilote wo? Ti ọkọ̀ òfúrufú?"

Ọ̀kan ń kọjá lórí ilé wa bí ó ṣe ń béèrè, nítorí pápákọ̀ òfúrufú kò jìnnà sí wa. A dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Ti ọkọ̀ ojú omi ni, Papa. Ọ̀gá ọkọ̀ tó ti òkèèrè dé kò mọ ìsàlẹ̀ omi wa. Ẹnì kan láti ìhín ló máa ń lọ pàdé rẹ̀ lójú òkun, á gun ọkọ̀ rẹ̀, á máa júwe ọ̀nà fún un gba ọ̀nà omi Vridi wọlé dé èbúté. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá ọkọ̀. Mo fẹ́ kọ ètò kan tó mọ ìwà ẹ̀rọ yìí, tí á máa júwe rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà."

"Ta ló wá mọ ìwà ẹ̀rọ náà?"

"Kò sí. Èmi ni mo máa wádìí rẹ̀."

"Ó dára," ni bàbá mi wí. "Gbé tábìlì rẹ wá sínú yàrá mi."

Mo gbé e wọlé, mo gbé e sábẹ́ fèrèsé. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí mo ti jókòó nínú yàrá yẹn gbẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni ìyá mi kú sí. Láti ìgbà náà ni èmi àti bàbá mi ti ń gbé bí ayálégbé méjì: mo ń se oúnjẹ, mo ń gún un ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń béèrè bóyá ó sùn dáadáa, mo sì ń bá tèmi lọ. A kò jà. Ọ̀rọ̀ ló tán láàárín wa.

Mo rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan gbà lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, mo sì ń ka gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ fún ara wọn bí ó ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà kan, mo kọ nọ́ńbà tó kọjá sílẹ̀; mo tẹ òmíràn, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó yé mi: nọ́ńbà méjì ló ń kọ́kọ́ lọ bí ẹni tó ń kí èèyàn, ogójì á tẹ̀ lé e, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á sì kẹ́yìn láti fi mọ̀ pé kò sí èyí tó sọnù lọ́nà.

Kíkọ rẹ̀ ló wá di ìyà. Ibi tí pilote ń gbé nínú kọ̀ǹpútà ni a ń pè ní noyau, ìyẹn kóró, bí kóró inú èso. Òun ló gbé gbogbo ìyókù ró. Ètò lásán tó bá ṣàṣìṣe, òun nìkan ni á kú. Àṣìṣe inú kóró ń mú kọ̀ǹpútà látòkèdélẹ̀ dákú. Tèmi á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn abẹ́rẹ́ á dìde, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Bọ́tìnnì kankan kò ní dáhùn. N ó ní láti pa á, kí n tún un tàn.

"Ó tún ti kú?" ni bàbá mi máa ń béèrè láti orí ibùsùn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ láti inú bí mo ṣe ń mí.

"Ó tún ti kú, Papa."

"Jí i."

Báyìí ni a ṣe ṣe é láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé: wákàtí kan láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àti gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láàárín ìgbà náà wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ní ilé ìwòsàn, ohun tó kọ́kọ́ bi mí nígbà tó lajú ni, "Pilote wa ńkọ́?" Ní ọjọ́ mìíràn mo bá a tó di ife tíì gbígbóná mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, tí kò sì gbé e sílẹ̀. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Awọ àgbà ló nípọn," ni ó wí.

Mo fi ìpara pa á, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì kọ. Ibì kan wà nínú kóró tí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ohunkóhun, nítorí gbogbo àwọn tó kù ló ń dúró dè é. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti béèrè fún ààyè tí n ó kó nọ́ńbà sí, lọ́nà tó lè mú un dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà ààyè máa ń wà, kò sì sí wàhálà. Ìgbà tí kò bá sí, á dúró, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì kú. Oṣù méjì ni mo fi wá ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo yí i padà, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan títí oòrùn fi yẹ̀ lórí òrùlé, kò dúró. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún díẹ̀. Bàbá mi wà lórí ibùsùn. Ó ń fetí sí mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo gba ààyè níbi iṣẹ́ kí n lè wà níbẹ̀ nígbà tí Tantie bá dé. Mo gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé bàbá bàbá mi sórí ẹ̀rọ náà. Tantie fi ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé e, ó gbọn orí.

"Kì í ṣe lẹ́tà kankan lèyí, ọmọ mi. Wọ́n dà rú."

Mo ṣí ìwé tí mo kọ àwọn nọ́ńbà náà sí. Lẹ́yìn náà ó yé mi pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń ka abẹ́rẹ́ wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, èmi sì ń kà á láti òkè wá sílẹ̀. Mo yí i padà lójú ẹsẹ̀. Tantie tún gbé ìka lé e. Kò gbọ́ èdè náà, nítorí náà ó ń pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé, bàbá mi sì ń so wọ́n pọ̀ láti orí ibùsùn.

"N. I. Àlàfo. O. J. O."

"Ní ọjọ́," ni bàbá mi wí.

"T. I. Àlàfo. A."

"Ní ọjọ́ tí a..." Ó na ọwọ́ sí mi. "Ó tó, Madame. Ẹ jẹ́ kí n wá."

Mo fà á dìde, mo mú un jókòó sídìí tábìlì. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀rọ náà, ó sì kà á fún wa, ó ń fi ìka rìn láti òsì sí ọ̀tún, ó ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ìlà bá tán.

"Ní ọjọ́ tí a gúnlẹ̀, òjò ń rọ̀, a kò sì mọ ẹnì kankan. Wọ́n ní kí a dúró lábẹ́ búkà tí wọ́n ń kó kòkó sí. Mo di àpótí mi mú. Mo rò ó pé bí mo bá jókòó lé e, wọn yóò rò pé mo fẹ́ pẹ́ níbẹ̀."

N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kàwé bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo Tantie kí n lè bá a yọ̀. Ó ti yíjú sápá kan. Ó ní ọ̀nà òun jìn, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé láàárọ̀ ni bàbá mi máa ń ní kí n mú òun jókòó sídìí ẹ̀rọ. Á kà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á ní ó tó. Mo gbà pé àárẹ̀ ni, pé ó sì wù ú láti máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Òun ló tún rọ̀ mí pé kí n fi pilote náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú kóró náà káàkiri ayé, tí wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí lè rí i lò. Mo fi ránṣẹ́. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta: ibí yìí kò mọ́, ibí yìí léwu, bí èèyàn bá já wáyà lójijì ńkọ́? Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ló tú àṣírí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo ń já wáyà, mo ń so ó padà, kí n lè rí bóyá kọ̀ǹpútà á kú. Láti máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti mú ìwé bàbá bàbá mi kúrò, mo ti jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbé ìráhùn kóró fúnra rẹ̀ jáde, àwọn ìlà kúkúrú tó fi ń sọ ohun tó ṣe é. Mo jáde lọ bu omi. Nígbà tí mo padà, bàbá mi ti fọwọ́ wá ọ̀nà dé ìdí tábìlì, ó ti jókòó, ó ti tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dúró kí n gbé ìwé rẹ̀ padà.

"Ní ọjọ́ tí a gúnlẹ̀, òjò ń rọ̀, a kò sì mọ ẹnì kankan."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi. Ìka rẹ̀ ń rìn láti òsì sí ọ̀tún. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó ka búkà, ó ka kòkó, ó ka àpótí. Ojú ìwé mẹ́ta ni ó kà láìṣì, ó sì dúró níbi tí ojú ìwé kẹta parí sí.

"Ó tó fún òní," ni ó wí.

Mo gbé ife náà kalẹ̀, mo jáde, mo rìn lọ sí etí òkun. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ògiri ilé tó ti wó wà nínú yanrìn níbẹ̀, ọmọdé ń gun orí wọn. Bí mo bá sọ pé àánú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe mí, irọ́ ni. Inú ló bí mi. Mo ń ka àwọn àárọ̀ tí mo fi jókòó síbẹ̀. Mo ń rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi oṣù méjì wá. Mo ń sọ fún ara mi pé ó fi mí ṣeré. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni mo tó rántí ife tíì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ dúró de Tantie ní ìkóríta. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

"O ti mọ̀," ni ó wí, kí n tó lanu.

"Ìgbà wo ló ti rí bẹ́ẹ̀, Tantie?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àtọ̀gbẹ náà ni. Ó pa iṣan orí ìka rẹ̀. Mo ti fún un ní àmì tó tóbi jù lọ tí mo ní, èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọdé. Kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí bébà lásán."

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Ó bẹ̀ mí."

"Ẹ ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ni ẹ wá ń kọ́ ọ?"

Tírélà kan kọjá, ó fi eruku bò wá.

"A ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Nígbà mìíràn a ń gbọ́ rédíò."

Ó dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ó padà wọ wôrô-wôrô mìíràn lọ sílé. Ó ní ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí òun wà láàárín wa.

Mo wọlé tọ bàbá mi lọ. Ó jókòó létí ibùsùn, ó wọ bàtà kan, òmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó ń dúró dè.

"Papa, kí ló wà lábẹ́ ìka yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

Kò béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ pé ẹ̀rọ kò dáhùn."

Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú rẹ̀. "Òótọ́ ló sọ."

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n máa ṣe é? Ẹ mọ̀ pé kò lè wúlò fún yín. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣe é!"

Mo ti ń pariwo. N kò pariwo mọ́ bàbá mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó dúró kí n ṣe tán, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dúró de ọkọ̀ òfúrufú.

"Mo purọ́ fún ọ," ni ó wí. "Mo mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo rò pé á lọ. Ó rí bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo rí i pé kò ní lọ, o ti wà ní ìdajì iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, o kò jókòó nínú yàrá yìí. Ẹ̀rọ yẹn dé, o jókòó. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń tẹ nǹkan, bí o ṣe ń bú kọ̀ǹpútà. N kò fẹ́ kí ó parí."

"Mo lè jókòó láìsí ẹ̀rọ, Papa."

"O kò jókòó."

Mo wọ bàtà kejì fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tó ń lọ.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì, mo ṣí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú náà sí ojú ìwé kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ń ṣì í, ó ń tún un ṣe. "Rárá. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn tí o pè ni ọkọ́, èyí tí a fi ń roko. Ọkọ̀ ni bàbá mi kọ." N ó tún un pè. Nígbà mìíràn ìlà márùn-ún là ń rí kà láàárọ̀. Ohun tí bàbá bàbá mi kọ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan: òjò, ibà, ọ̀gá tó bú u níwájú àwọn ọmọ ọ́fíìsì, ọmọ kan tó kú lọ́mọ oṣù mẹ́rin tí bàbá mi kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó ní kí n ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní kí a dúró níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó wá pa á. Egbò tó wà níbi tí wọ́n ti gé ọmọ ìka kò jinná, ó dúdú, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà títí dé orúnkún. Mo gbé ìwé lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti gba pilote náà sínú kóró, mo sọ fún un lójú ibùsùn. Ó béèrè bóyá wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Mo ní wọ́n kọ ọ́. Ó mi orí. Ó kú nígbà ọyẹ́, ní ọ̀sán, nígbà tí mo lọ ra omi. Ojú ìwé mẹ́tàdínlógún ló kù tí a kò kà.

Tantie wá síbi ìsìnkú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di apá mi mú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ mo gbé ẹ̀rọ náà àti kọ̀ǹpútà kan lọ fún un ní Anoumabo, kí àwọn tó ń kọ́ lè máa lò ó. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi pè mí. Àwọn abẹ́rẹ́ kan ti ń há. Mo lọ tú u. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun Gonzagueville ti wọ inú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lábẹ́ fèrèsé wa, ó ti jẹ irin rẹ̀ láti inú. Ojú mẹ́tàdínlógún kò dìde mọ́, lẹ́yìn náà ó di ọgbọ̀n. Kò sí ibi tí a ti lè rí ohun tí a ó fi pààrọ̀ wọn. Tantie ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, bébà kì í kú.

Ní ọdún tó kọjá, mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú kóró náà. Wọ́n ń gbá ilé mọ́. Wọ́n fẹ́ yí ohun kan padà nínú ètò wọn, pilote tèmi sì wà lára àwọn tó dínà. Ó fi ọ̀wọ̀ béèrè: ǹjẹ́ ẹnì kan ṣì wà tó ń lo ẹ̀rọ yìí? Bí kò bá sí, àwọn á yọ ọ́.

Mo ka lẹ́tà náà títí tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi béèrè bóyá ó dáa. Mo ní ó dáa. Mo kọ èsì: "Èmi ni mo kọ ọ́. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó ń lò ó mọ́. Ẹ lè yọ ọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ìlà kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mo lọ wo ibi tí àwọn fáìlì náà wà ní títò. Tèmi kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ra.